Ọkọ̀ Tí Ó Tọ́ Jù

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Elford kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń júwe ọ̀nà fún un.

Abẹ́ igi fúrúùtù kan létí òkun ní erékùṣù Bequia ni àwọn tó ń fi igi kan ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ máa ń jókòó sí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Elford fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ńlá kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì kan ọkọ̀ kankan rí. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ojú ìyá náà, Olivene, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan Ivy Lou lẹ́ẹ̀kan sí i. Ivy Lou ni ọkọ̀ ìpẹja tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn. Ìjì ti fọ́ ọ mọ́ àpáta lọ́dún tí Elford pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọn kò sì ní fọ́tò rẹ̀. Elford ṣèlérí pé òun yóò kan irú rẹ̀, tí kò ní gùn ju apá ọmọdé lọ, òun yóò sì gbé e fún un ní Sátidé, ọjọ́ tí yóò pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún.

“Gúlù yẹn ti pọ̀ jù, Bọ̀dá Elford,” ni Kelvorn wí. Ọwọ́ ọ̀tún Elford ló jókòó sí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. “Gúlù kì í ṣe ọbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni.”

“Ó kéré ni,” ni Simeon wí láti ọwọ́ òsì. “Ẹ má tẹ́tí sí i. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọkọ̀ tiẹ̀ máa ń tú lọ́wọ́ oníbàárà.”

“Èyí tó tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Tó jẹ́ pé ajá ló jókòó lé e?”

“Ajá jókòó lé tèmi náà. Ajá ló sá.”

Bí wọ́n bá ti bú ara wọn tán, wọn a yíjú sí i. “Ẹ ń gbìyànjú, bọ̀dá. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ kàn, bí ìkòkò ló rí,” ni Kelvorn wí.

“Irọ́ ni. Bí bàtà ló rí.”

Ìwúrí yìí gan-an ló ń bí Elford nínú ju àríwísí lọ. Bàbá Athneil, tó kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un: “Pákó kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Má parí ìhà kan ṣáájú èkejì.”

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Elford bá yí ọkọ̀ náà padà ni Kelvorn ń na ọrùn wò ó. Nígbà tó sú u, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó sì lẹ gbogbo pákó ìhà ọ̀tún tán lọ́jọ́ kan náà láìyí ọkọ̀ náà padà rárá. Ilẹ̀ mọ́, gúlù gbẹ, ọkọ̀ sì tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bàbá Athneil gbé e sókè, ó di ojú kan, ó wò ó láti ìdí dé iwájú. “Ó ti wọ́,” ló wí.

“Mo sọ fún wọn,” ni Kelvorn wí.

“Ìwọ kọ́. Bàbá ni,” ni Simeon wí.

Elford tú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń jẹ èso bẹ̀rẹ̀fúùtù sísun lórí ìdúró, tó ń lẹ ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ìmọ̀ràn mẹ́wàá sì ń tẹ̀lé pákó kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ọkọ̀ náà tọ́ bí okùn tí ẹja ńlá ń fà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lórí itan lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó tún tọ̀ ọ́ bọ̀.

“Ọkọ̀ ta nìyí?”

“Ivy Lou ni, Mama.”

“Rárá. Ivy Lou wọ́. Ìhà ọ̀tún rẹ̀ wọnú bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Igi tí bàbá rẹ rí kò tó, ló bá kan ìhà kan tán kí ó tó wá igi èkejì. Àwọn èèyàn sọ fún un. Ta ló lè bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọ̀tún ló máa ń fà sí. Mo máa ń dúró lórí òkè yẹn lẹ́yìn ìjì. Bí mo bá ti rí ọkọ̀ kan tó ń rìn bí akàn, mo mọ̀ pé ọkọ mi kò kú.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Ṣebí o máa ń jókòó sínú rẹ̀.”

“Ọmọdé ni mí, Mama. Gbogbo ọkọ̀ ló tọ́ lójú mi.”

“Eléyìí dáa,” ni ìyá wí, ó sì dá a padà fún un. “Bá mi kí ẹni tó ni ín. Èmi ṣì máa wà níhìn-ín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ní Mọ́ńdè, Elford gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ láàárín wọn lábẹ́ igi, ó sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí. “Ó dáa, mo ń béèrè,” ló wí. “Báwo ni mo ṣe máa bà á jẹ́?”

Kelvorn lanu, ó pa á dé. Simeon ń wo òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Elford ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ yìí, nígbà tó sì wá dé, òun náà tún bí i nínú.

“Nígbà tí n kò béèrè ńkọ́, ṣé ẹ dákẹ́?” ló wí.

Bàbá Athneil na ọ̀bẹ sí i. “Tú u. Lẹ ìhà ọ̀tún tán. Kẹ̀yìn sí wa, bí o ti ṣe lọ́jọ́sí.”

“Kí ẹ sì fi gúlù sí i dáadáa,” ni Kelvorn wí.

“Díẹ̀díẹ̀ ni,” ni Simeon wí.

Elford pòṣé. Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó sì ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ pákó àkọ́kọ́.