Ẹ̀jẹ̀ Léon

Bí ó bá ṣe pé ẹnu ni wọ́n fi ń pọn omi, omi ilé Marguerite ì bá ti ṣàn dé ìlú Paouignan, nítorí Léon ọmọ rẹ̀ kì í sinmi ọ̀rọ̀.

Ní àwọn ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ro oko ilé ẹ̀kọ́, Léon ń kọ́ àwọn ọmọ kólẹ́ẹ̀jì nípa ara ènìyàn. Á fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde látinú ọkàn, á fi ṣọ́ọ̀kì aláró ya èyí tó ń padà bọ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ẹni tó bá rí bí Olúwa ṣe to ẹ̀dọ̀fóró yí ọkàn ká, ó yẹ kí ó kúnlẹ̀. Ti Léon kọ́. Ńṣe ni àyà rẹ̀ ń wú bí ẹni pé òun ló tò wọ́n.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí ìyá rẹ̀ bá ti ti ibi Máàsì dé, Léon á ní kí ó mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, ìyókù jẹ́ èédú, ẹfun, iyọ̀, àti irin tí kò tó ìṣó kan. Marguerite bi í pé nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èwo wá ni ìtìjú. Léon rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìyẹn nínú ṣimí, ẹ̀kọ́ nípa èròjà ayé, àwọn fádà ló kó o wá. Ìyá rẹ̀ ń ka rósárì rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù. Oríṣi mẹ́rin ló ní ó wà: A, B, AB àti O. Ẹ̀jẹ̀ O lè wọ ara ẹnikẹ́ni. AB ń gba ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n irú tirẹ̀ nìkan ló lè fún. Léon á ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ nìyẹn, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà. Lẹ́yìn náà á lu àyà: "Èmi, O ni mí. Ẹ̀jẹ̀ aráàlú." Ó sọ ọ́ nípàdé àdúgbò, ó sọ ọ́ níbi ìkómọ, ó sọ ọ́ níbi òkú. Ta ni yóò bi olùkọ́ pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Blandine àbúrò rẹ̀ wá lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ nígbà tó bí méjì àkọ́kọ́, nítorí náà agbẹ̀bí ní kí ó lọ bí èyí ní ilé ìwòsàn ńlá. Ní orí òkè wa níbí, irú aboyún bẹ́ẹ̀ kì í dá lọ. Ọkọ rẹ̀, àwọn àbúrò ọkọ, gbogbo alágbára ilé á tẹ̀ lé e, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Kí dókítà tó béèrè ẹ̀jẹ̀, ẹlẹ́jẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Cyprien ọkọ rẹ̀ ti kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ láti oko wọn ní Lèma. Léon dá gbogbo wọn padà, àti Cyprien fúnra rẹ̀. Ó ní ìwà àìlajú ni kí àwọn odindi ọkùnrin fi ọkọ́ sílẹ̀ nígbà iṣẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ obìnrin kan. Ẹ̀jẹ̀ O tòun tó. Ó ní ti ìyá òun ti gbó, ó ti di omi lásán. Wọ́n gbà á gbọ́. Ó mọ̀wé, àbí?

Bó ṣe di pé Marguerite àti Léon nìkan ló tẹ̀ lé Blandine nìyẹn.

Ọmọ dé láyọ̀, obìnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì dúró. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Suzanne jáde wá, ó ní ta ló fẹ́ fúnni lẹ́jẹ̀. Marguerite ti Léon síwájú. Léon ní òun kò tíì jẹun. Ó tún ní ibà ṣe òun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Suzanne fa ọwọ́ rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, ó po oògùn mọ́ ọn, ó sì wò ó.

"Olùkọ́, AB ni yín. A ni ti àbúrò yín. Ẹ kò lè fún un."

Léon ní oògùn àwọn òyìnbó amúnisìn yẹn ti bàjẹ́. Suzanne tún un ṣe. Bákan náà ló rí.

Ìyá rẹ̀ wò ó. "Léon, ta ló sọ fún ọ pé O ni ọ́?"

"Màmá, mo wo ìwà mi ni, mo sì mọ̀."

Lèma jìnnà. Ètè Blandine ti funfun bí eérú. Marguerite na ìka tirẹ̀, ẹni tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di omi lásán. Suzanne gún un, ó kán an, ó pò ó. A ni, bíi ti Blandine. Ó fa ìpéǹpéjú ìyá náà wálẹ̀, ó rí i pé pupa ṣì wà níbẹ̀, ó ní kí ó dùbúlẹ̀. Rósárì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ́rẹ́ wà lápá òsì. Ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ sínú ìgò. Marguerite ń sọ nínú ara rẹ̀ pé nígbà tí Blandine wà nínú òun, kò kúkú tọrọ kó tó máa mu ún.

Nígbà tó ṣe, Suzanne padà wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, pé Blandine ti lajú, ó sì ń béèrè ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ìyá rọra dìde, kí ó mu ife mílíìkì oníṣúgà tí òun gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè wálẹ̀.

Marguerite na ọwọ́ sí ife náà. Ó ti ṣófo. Léon wà lórí àpótí, ó ń nu ẹnu. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tí òun rí ló mú òòyì kọ́ òun, pé ṣúgà kì í pẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ kò sì lè dúró dè é.

"Ó dáa," ni ìyá rẹ̀ wí. "Dìde níbẹ̀ kí n jókòó. Kí o sì lọ fọ ife náà, kamaráàdì."

Ó jókòó títí òòyì fi lọ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀.