Mo Fẹ́ Bá Bàbá Ọlátúnjí Kọ Tenor Wọn

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú kúáyà wa ní Sunday tó kọjá, ara mi ò tíì balẹ̀ títí di báyìí!

Tóbi, ọmọ tí wọ́n bí sí Bronx níbí, tó kàwé orin ní college, ló ń darí wa. Ó gbé orin Látìnì àtijọ́ kan wá. Kò dà bí hymn wa o. Soprano á bẹ̀rẹ̀, alto á gba ohùn kan náà lẹ́yìn wọn, tenor á wọlé, bass á tẹ̀lé e. Kálukú ń bá tirẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan. Ṣé orin nìyẹn àbí ìjà? Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé, omi bọ́ lójú mi.

Bàbá Ọlátúnjí nìkan ló kù ní tenor. Stroke kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ ṣì ń wúwo lẹ́nu wọn. Wọ́n ní bí àwọn ò bá lè kọ ọ́ ní Sunday yẹn, àwọn á dá aṣọ kúáyà padà.

Èmi sì rèé, iṣẹ́ home aide, ìtọ́jú arúgbó nílé wọn, ni mò ń ṣe ní Highbridge. Kí arúgbó tó nawọ́ sí ife omi, mo ti gbé e fún un! Bí ohùn Bàbá bá ti ń gbọ̀n ní rehearsal, màá fi alto sílẹ̀, màá bá wọn gbé tenor. Àwọn alto yòókù á tẹ̀lé mi. Orin á dàrú! Tóbi ní, "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sí alto yín." Inú bí mi. Ṣé kí n máa wò wọ́n níran ni?

Ní Sunday, D train tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dúró gbagidi lábẹ́ ilẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Aṣọ kúáyà ò tíì balẹ̀ lọ́rùn mi tí orin fi bẹ̀rẹ̀.

Ó kan Bàbá. Wọn ò wọlé! Ẹnu ń yún mi. Olúwa, kí ni kí n ṣe? Mo tẹjú mọ́ ìwé, mò ń kọ alto mi lọ. Bàbá fo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n mú ìkejì. Ohùn yẹn ń gbọ̀n, àmọ́ ó ń lọ. Wọ́n kọ ọ́ parí!

Lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rọra ní, "Ọmọ mi, o ṣé. Òní ni mo tó gbọ́ ohùn ara mi."

Ojú tì mí gan-an. Mo ti rò pé àánú ni mò ń ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa fún èèyàn láyè kó gbìyànjú, kódà bó bá ń dun àwa tí à ń wò ó. Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí: ta lẹ ti ń bá parí ọ̀rọ̀ kó tó lanu?