Ilẹ̀ Kajú Tí Nouratou Gbìn

"Gafarou, ọ̀rọ̀ tí o sọ ní Bassila lánàá, ṣé ẹnubodè Manigri ìlú wa níbí ni agbára rẹ̀ pin sí?"

Nouratou kò pariwo. Ó jókòó sí ojúde bàbá wọn, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀, olùkọ́ ilé ìwé, ẹni tí ó pọ̀n títí tí ó fi mọ ìrìn. Lánàá, àwọn àlejò ti Cotonou wá la ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn yé àwọn obìnrin, Gafarou sì ni ògbufọ̀ wọn. Faransé wọn ta kókó, ṣùgbọ́n ó tú u bí ẹni ń bó iṣu sísè: pé a kò bí ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ, pé tọkùnrin tobìnrin ni yóò jọ jogún ilẹ̀ bàbá wọn. Nouratou pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Ó nídìí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tí ó padà wálé, bàbá wọn fi ilẹ̀ kan hàn án lẹ́yìn odò. Ó gbin kajú sí i, ó ń pọnmi rin ín lọ́gbẹlẹ̀, ó ń ro àyíká rẹ̀ kí iná ìgbẹ́ má baà ràn án. Kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so dáadáa ni bàbá kú, Gafarou sì ní kí ó kúrò níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, mo sì jẹ́ ẹ. Ẹni tó jíṣẹ́ kọ́ ló ni ọ̀rọ̀."

"O ò ni ín, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé òótọ́ ni."

Láyé ìgbà kan, ẹni tí ó bá fẹnu sọ rere a máa tijú àtifọwọ́ ṣe òdì rẹ̀ lójú ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ìtìjú yẹn ti bá àwọn àgbà lọ.

Nírọ̀lẹ́, ẹbí péjọ. Baba Mamoudou, olórí ẹbí, ní obìnrin lè gbin iṣu, nítorí iṣu kì í pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin igi ti gbalẹ̀, bí Nouratou bá sì tún lọ́kọ, ilẹ̀ yóò bá a lọ sílé onílé. Nouratou béèrè ọkọ tí yóò fẹ́ arúgbó eléwú lórí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun kò rín. Ó ní òfin wà ní ìlú yìí, òun yóò gba ilé ẹjọ́ lọ.

Baba Mamoudou rọra gbójú sókè. "Lọ, ọmọ mi. Ilé ẹjọ́ yóò fún ọ nílẹ̀. Ta ni yóò wá gbẹ́ èyí tí a ó sin ọ́ sí?"

Nouratou wo Gafarou; ilẹ̀ ni Gafarou ń wò. Nígbà tí wọ́n ń dìde, Gafarou ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá fẹ́, kí ó wá bá àwọn obìnrin alágbàṣe òun ṣa kajú.

Kí oòrùn tó mú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Nouratou gbé agbọ̀n karí, ó tẹ̀lé àwọn alágbàṣe náà lọ sẹ́yìn odò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa kajú kan, ó yí kóró kúrò nídìí èso, ó sì sọ ọ́ sínú agbọ̀n.