Ìkíni tí Mo Sáré Fò Lórí Òkè

Ìyá mi máa ń sọ pé ẹsẹ̀ mi yá ju ẹnu mi lọ. Ní agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yàrá mọ́kànlá ni èèyàn gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀, kó kúnlẹ̀, kó béèrè orúnkún tó ń dun ẹni yìí àti ọmọ tó ń wúkọ́ lọ́dọ̀ ẹni yẹn, kó tó ráàyè jáde. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lèmi máa ń gbà. Ní ìsọ̀ ìyá mi ní Òkè Àrin náà, bí mo bá ti ní "Ẹ káàsán o," mo ti kọjá. Ìyá mi á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Èmi ò ní sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ tán.

Ẹsẹ̀ yìí kan náà ni mo gbé dé ìlú kan ní ìdí òkè Mambila, lápá àríwá lọ́hùn-ún, nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ilé ti dá ọjọ́ yìgì mi, ọjọ́ Sátidé, ní ojúde bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ìwé kan ṣoṣo ló kù, tí ọ̀gá ilé ìwé wa máa fọwọ́ sí kí n tó lè kúrò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń jáde nílùú náà lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ Àlàrùba. Kí ni ọ̀gá wa ṣe? Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní òun á wò ó, ó sì mú un lọ sí abúlé rẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́ Àìkú. Mo retí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ìdájí Àtàláátà, mo ró ìró lé sòkòtò, mo wọ súwẹ́tà méjì, mo bá kọrí sókè.

Òtútù tí mo mọ̀ l'Ékòó kò ju ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ, èyí tí òrí díẹ̀ létè máa ń kápá. Ti òkè yìí kò gbọ́ ti òrí. Kùrukùru bo ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń gba apá súwẹ́tà wọlé, ìka ọwọ́ mi kò ṣe é ká mọ́. Mo gun òkè kan, mo rò pé mo ti dé, òmíràn tún jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Bàtà mi já níbi odò kan, mo fi okùn so ó. Gbogbo ìgbésẹ̀ ni mo fi ń bú ọ̀gá yẹn. Ọ̀lẹ! Aláìláàánú! Kí ló ná an láti tẹ bírò mọ́ ìwé? Inú bí mi débi pé mo sunkún, mo tún ń bínú sí ara mi pé mo ń sunkún.

Ní nǹkan bí ìyálẹ̀ta, bàbá arúgbó kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ níwájú mi, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní Hausa. Sánnú. Ṣé mo jí dáadáa? Òtútù ńkọ́? Ilé ńkọ́? Àárẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ Hausa tó láti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, ìkíni kì í tán bọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ní, "Sánnú, Bàbá, sánnú," mo sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ṣì ń kí mi lẹ́yìn.

Aláásárì ti kọjá kí n tó débẹ̀. Ọ̀gá wa dìde nídìí iná, ẹnu yà á.

"Kópà! Kí lo wá ṣe níbí? Òǹtẹ̀ ilé ìwé ló wà nílé mi níbí, òun ni mo wá tẹ̀ sí i. Mo ti fi ìwé rẹ rán ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti ìdájí. Àwọn fúnra wọn ló ní ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ kò gbọdọ̀ gun òkè nínú òtútù yìí. Ṣé o ò pàdé wọn lọ́nà ni?"

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Mo pàdé wọn, sà."

Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo fi délẹ̀ lọ́sàn-án Àlàrùba, ọkọ̀ ti lọ tipẹ́. Bàbá náà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ibẹ̀ ló sùn, nítorí ọ̀gá wa ní ọwọ́ mi gan-an ni kó fi ìwé náà lé. Ó dìde, kò bínú. Ó tún kí mi láti ìbẹ̀rẹ̀: sánnú, òtútù ńkọ́, ilé ńkọ́, àárẹ̀ ńkọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó tán, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó mú ìwé náà jáde níbẹ̀. Ìrì kò kàn án rárá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìdí òkè ni mo ṣì wà nígbà tí wọ́n so yìgì mi ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, bàbá mi ló dúró fún mi. Wọ́n ní gbogbo agbo ilé ń wá ìyàwó kiri, wọ́n fẹ́ kí i.