Tíṣà Morádéyọ̀ Di Agbẹ́kànga

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òdógbolú ni èmi àti Morádéyọ̀ Fálolú ti jọ ṣiṣẹ́. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, òun ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Tábìlì wa kọjú síra nínú yàrá àwọn olùkọ́, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì mọ ìtàn-án sọ.

Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ tíṣà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín, kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kejì á máa na ọrùn lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé ọkàn rẹ̀ ti ń kúrò níbẹ̀. Á parí iṣẹ́, á wá jókòó, á máa wo ìta. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé.

Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé ìpele ìpele ni ilẹ̀, pé iyanrìn wà lókè, amọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, omi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Èmi tí mò ń sọ ọ́, mi ò rí i rí. Àwòrán inú ìwé ni mò ń yà sójú pátákó látìgbà tí mo ti débí."

Mo ní ta ló rí abẹ́ ilẹ̀ nínú wa. Mo fi ṣe ẹ̀rín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ fún wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a kàn rí ọkọ̀ ńlá tó wọlé, ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ sì dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Àlàájì Mukhtar, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló ni iṣẹ́ náà. Àgbàlagbà tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Nígbà tí wọ́n na ẹ̀rọ náà ró tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ilẹ̀ ń gbọ̀n títí dé yàrá àwọn olùkọ́. Morádéyọ̀ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde kí wọ́n lọ wò ó. Àwọn ọmọ wò ó tán, wọ́n padà sí kíláàsì. Tíṣà wọn kò padà.

Nígbà tí mo máa fi wá a débẹ̀, ó ti bọ́ bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó ń fi ọwọ́ bu ẹrẹ̀ tó ń tú jáde, ó ń fi ìka rà á wò. Ẹrẹ̀ náà ti kọ́kọ́ pupa, ó wá ń funfun bọ̀ bí ògì.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé amọ̀ la ti dé yìí?"

"Amọ̀ ni. Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ ni, sà. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án báyìí rí."

Àlàájì wo yẹ̀rì rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Sún mọ́ ibí. Fetí sí ẹ̀rọ yẹn. Tó bá dé inú iyanrìn, ohùn rẹ̀ á yí padà."

Ó sì yí padà lóòótọ́. Morádéyọ̀ sọ fún mi pé nígbà tí òun gbọ́ ọ, ṣe ni irun ara òun dìde. Nígbà tí omi sì tú jáde nírọ̀lẹ́, tó fò sókè ju òrùlé lọ, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ dàrú. Àwọn ọmọ ń sáré wọnú rẹ̀ tìwé tìwé, ọ̀gá àgbà wa náà dúró sínú rẹ̀ tòun ti kóòtù lọ́rùn. Morádéyọ̀ kò sáré rárá. Ó kàn ń wo ihò yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọgbà tí Àlàájì máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní òun fẹ́ mú ẹnì kan wá kọ́ṣẹ́.

Àlàájì bi í pé, "Ọmọ ẹ ni? Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá?"

"Èmi ni, sà."

Bàbá náà ní, "A kì í jókòó níbí o, Tíṣà. Irin là ń gbé."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀, sà."

Gbogbo Sátidé ló fi ń lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Tó bá dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ kànga ni títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú rẹ̀ á máa dán. Nígbà tí sáà parí, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Olúyọmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kò kọ́kọ́ gbà.

Ó ní, "Màmá Ayọ̀mípọ̀sí, pẹ́ńṣọ̀n ńkọ́? Ṣé o ti rò ó?"

"Mo ti rò ó. Dádì Ayọ̀mípọ̀sí, ẹ wò mí dáadáa. Ìgbà wo lẹ rí mi gbẹ̀yìn tí inú mi dùn sí nǹkan tó báyìí?"

Olúyọmí wò ó títí. Ó ní, "Ìgbà tí mò ń fẹ́ ẹ ni." Bí ọ̀rọ̀ ṣe tán nìyẹn.

Ìyá Morádéyọ̀ lọ̀rọ̀ wá kù sí. Ìbẹfun ni màmá náà ń gbé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ló ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, tíṣà ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú náà. "Ṣé kànga ni mo ní kó o lọ máa gbẹ́ nígbà tí mò ń rán ẹ lọ sí yunifásítì?" Ohun tó sọ nìyẹn, kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Èyí dun Morádéyọ̀ gan-an. Ó máa ń pè é láràárọ̀, fóònù á dún títí á fi dákẹ́, á wá gbéra, á máa lọ síbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà le. Ọwọ́ rẹ̀ bó, èjìká rẹ̀ wú, oòrùn sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Ayọ̀fẹ́, ọkùnrin tó máa ń darí ẹ̀rọ, kọ́kọ́ rò pé kò ní pẹ́ sá lọ. Ṣùgbọ́n bí èmi àti Morádéyọ̀ bá pàdé, ẹ̀rín ló máa ń bá mi rín. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, òun kì í rántí pé ó rẹ òun.

Ọdún kan kọjá, iṣẹ́ kan jáde ní ilé ìwòsàn kékeré kan n'Ìbẹfun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ láàárọ̀, Àlàájì sọ fún un pé, "Ìwọ lo máa dúró sídìí ẹ̀rọ lónìí." Ó lọ fìdí tì sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan. Morádéyọ̀ di irin ìdarí mú, ó tan ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ ń lọ geere títí di ọ̀sán. Lójijì, iyanrìn ya lulẹ̀ nínú ihò, ó há mọ́ irin. Ẹ̀rọ ń ké, irin kò yí mọ́. Àwọn ará àdúgbò tó ń wòran bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí Morádéyọ̀ ṣe gbójú sókè ló rí ìyá rẹ̀ láàárín wọn, pẹ̀lú agbòjò lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló lọ sọ fún màmá náà pé ọmọ rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ.

Ayọ̀fẹ́ ní, "Tíṣà, fi agbára fà á."

"Tí mo bá fi agbára fà á, á já sínú ihò. Ẹ túbọ̀ da ẹrẹ̀ sí i, kó lè gbé iyanrìn náà jáde. Ẹ má dá ẹ̀rọ tó ń ti ẹrẹ̀ sínú ihò dúró."

Ayọ̀fẹ́ wo Àlàájì. Àlàájì kò mira. Wọ́n da ẹrẹ̀ sí i. Morádéyọ̀ gbé ọwọ́ lé irin ìdarí, ó ń yí i díẹ̀ díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, ó di ojú kó lè gbọ́ ọ. Ìgbà tó ti ń rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni irin mì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ayọ̀fẹ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò nírọ̀lẹ́, omi tú. Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́, ó tutù, ó ń rọ̀ sórí gbogbo èèyàn bí òjò. Àwọn obìnrin tó wá gba ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìyá Morádéyọ̀ pa agbòjò rẹ̀ dé, ó rìn wọnú omi lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Kí rè é, Morádéyọ̀?" Ìjẹ̀bú gidi ló fi sọ ọ́, èdè tí kì í fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí inú bá ń bí i.

"Omi ni, mà."

Màmá bù ú, ó tọ́ ọ wò. Ó fi ìborùn nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Tiwa nílé ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa wá gbẹ́ ẹ?"

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní báyìí, Àlàájì ti ra ọkọ̀ kejì, Morádéyọ̀ ló sì ń darí àwọn tó ń bá a jáde. Mo lọ kí i n'Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kò ráyè jókòó. Abúlé kan tó wà lórí àpáta ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà, Morádéyọ̀ kò sì tíì gbẹ́ inú òkúta rí. Ó ń fi ọwọ́ ṣàlàyé bí irin tuntun tí wọ́n rà ṣe máa jẹ òkúta náà, ó ń sọ̀rọ̀ sáré sáré bí ọmọdé. Ayọ̀fẹ́ fọn fèrè ọkọ̀. Morádéyọ̀ sáré gùn ún, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní tí wọ́n bá ti rí omi, òun á pè mí kí n gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí fóònù.