Ọjọ́ Tí Mo Dín Kíríìmù

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tó bá wa nínú fúláàtì tuntun ní Festac, bí ogun ló ṣe wọlé. Ojúgun tèmi funfun débi pé èékánná ni mo fi ń ṣe ìṣirò lórí ẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí. Àkọ́bí wa ló dùn mí, ọmọbìnrin tí ò tíì rákò. Awọ orúnkún ẹ̀ là bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Bí omi ìwẹ̀ bá kàn án, wọ́n ń gbọ́ igbe ẹ̀ ní Satellite Town.

Mo ra òrí fún un lọ́wọ́ ará ìlú mi kan tó ń tajà ní Alákijà. Ara ọmọ ò yéé là. Ìyàwó mi bá lọ ra kíríìmù olóòórùn dídùn lọ́wọ́ àǹtí tó ń gbé òkè wa, tó ń ta ẹrù òkè òkun. Kó tó di ọ̀sán, ara ọmọ tún ti gbẹ.

Mo gbé ike kíríìmù náà sójú oòrùn, mo kà á. Mi ò parí ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Wọ́tà ni wọ́n kọ ṣáájú. Omi! Mo pe àǹtí sọ̀kalẹ̀.

"Àǹtí, omi lẹ tà fún wa?"

"Bọ̀dá, omi òkè òkun nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dín in."

Ẹni tó bá ti ra epo àbùlà rí mọ̀ pé omi kì í fara pamọ́ lórí iná. Mo tan sítóòfù, mo da kíríìmù sínú páànù tí a fi ń dín ẹyin. Ó ta pàrà! Ó ta dé àjà, ọmọ́lé tó wà níbẹ̀ já bọ́ láìtọrọ gáfárà.

Àǹtí ò mira. "Ẹ gbé òrí tiyín náà wá."

Mo fọwọ́ sọ̀yà. Òrí gidi, ńṣe ló ń yọ́ jẹ́ẹ́. Mo nu páànù, mo gé òrí sí i. Háà! Tiwa ta ju tiẹ̀ lọ. Ó jó mi nírùngbọ̀n.

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Bọ̀dá, tèmi kọ ọ́ sára pé omi wà nínú òun. Tiyín ńkọ́, ó sọ fún yín?"

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ló gbé dání. "Dádì, ẹ lọ bá ará ìlú yín."

Mo lọ tòun ti páànù. Ìbínú mi gbóná débi pé òrí inú ẹ̀ ò dì títí mo fi dé Alákijà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ọlọ́jà ní. "Gbogbo wa la ń bu omi là á."

"Ọmọ ọwọ́ lo ń ta omi fún!"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa igbá òrí kan yọ lábẹ́ tábìlì. "Ẹ mú èyí. Òun la fi ń pa ọmọ tiwa."

Mo rò pé orí mi máa bẹ́. Ó ní in láti ọjọ́ yìí! Mo gba igbá náà, mi ò dúpẹ́, mo sì bú u láti ẹnu ọ̀nà dé títì.

Nílé, a dín èyí náà. Ó yọ́, kò ta rárá. Ìyàwó mi fi pa ọmọ, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, igbe ìwẹ̀ ẹ̀ ò kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́.

Wọ́n ní kí n dárí ji ará ìlú mi. N ò jì í. Ṣùgbọ́n àǹtí òkè, mo kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dín kíríìmù ẹ̀. Kíríìmù olómi yẹn náà ni mo bá a tó fi ń pa ọmọ tiẹ̀.