Ojú Bàtà Mi Níwájú Ilé Bùkúù

"Níbo ni olùkọ́ yẹn wà?" Ohùn ọlọ́pàá tó ń wá mi ni mo gbọ́ ní ìlú wa, Odomẹta, òmìnira ò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n lè pa mí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwa ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ títí di òní, dúró sójú ọ̀nà kí wọ́n má baà gbé àpótí ìbò wa lọ láìkà á. Wọ́n lù wá, wọ́n gbé e lọ.

Mo sá. Ilé òrìṣà Bùkúù ló sún mọ́ mi jù. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo kọjá lábẹ́ màrìwò, mo wọlé tòun ti bàtà. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà débẹ̀. Ìyá Àjọkẹ́ tó ń tọ́jú ilé náà wo ẹsẹ̀ mi.

"Ọmọ mi, jókòó." Ó jáde.

Àwọn ọlọ́pàá rí ojú bàtà lórí iyanrìn tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá níwájú ilé.

"Ìyá, ta ló wọlé?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ bàtà. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ bọ́ tiyín, kí ẹ wọlé."

"Èmi kọ́ o!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Bí mo bá wọ ibẹ̀ lọ mú èèyàn, ìyá tó bí mi á lé mi nílé."

Wọn ò wọlé. Ìyá ni wọ́n mú lọ. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, mi ò jáde.

Mo gba ọ̀nà oko sá lọ sí Ìmẹ̀kọ, ní òdìkejì ààlà. Ẹni tó gbà mí sílé yá mi ní ìwé ìtàn kan, nípa ìlú tí àwọn òyìnbó ṣẹ́gun. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kà á, títí mo fi dé ibi tí ọ̀gá òyìnbó ti wọ ilé òrìṣà tòun ti bàtà. Mo fẹ́ bú u. Ẹnu mi ò gbé e. Mo pa ìwé dé, mo sunkún bí ọmọdé. Mi ò kà á parí.

Nígbà tí ìjọba yí padà, wọ́n kéde pé kí àwa tí wọ́n ń wá máa bọ̀ nílé, kò sẹ́ni tí yóò mú wa mọ́. Ìyá ti dé ṣáájú mi, ọ̀pá ló fi ń tilẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tí wọ́n lù ní àtìmọ́lé. Mo bọ́ bàtà lókèèrè, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ forí jì mí."

"Wọn ò ṣáà rí ọ mú. Ìbò yẹn ńkọ́, wọ́n ti kà á?"

"Rárá, Ìyá."

Lónìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi mí ní ohun tí a jèrè. Wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìbò wa ò padà, ẹsẹ̀ Ìyá ò sì jinná.

Lọ́jọ́ tí mo padà dé yẹn, Ìyá mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá iyanrìn iwájú ilé náà. Mo nawọ́ kí n gbà á.

Kò fún mi.